Epo bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ tí a pa tì: èwo ló ṣì ṣeé lò?

Aláàgbàlá:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ọkọ̀ ṣe, ti di olóògbé, àwọn ẹbí sì ti ní kí èmi máa bójú tó àgbàlá tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Àwọn kan wà lábẹ́ òrùlé, tí a fi tapólì bò dáadáa; àwọn kan jẹ́ àkúrẹtẹ̀ tí ó ti ní ìjàm̀bá, tí a ti yọ ẹ́ńjìnnì wọn lọ tipẹ́; ọ̀kan sì wà tí ó jẹ́ ọkọ̀ ayé àtijọ́ gidi, tí ó ń lo kábúrétọ̀. Ìwé gbogbo wọn wà lọ́wọ́ wa, kò sì sí ẹni tí ó ń bá wa du ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti ṣetán láti wá kó àwọn àkúrẹtẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní gbé ọkọ̀ kankan tí epo bá ṣì wà nínú táǹkì rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìdérí táǹkì díẹ̀ nínú wọn, mo rí i pé epo bẹntiróòlù tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Òórùn àwọn kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti epo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti kan, òórùn fánííṣì ni ó sì ń jáde lára wọn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Báwo ni mo ṣe lè dá èyí tí ó ṣì ṣeé lò mọ̀, kí n lè dà á sínú ọkọ̀ tí mo ń wà lójoojúmọ́ láìba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́? Ṣé mo lè da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan, kí n máa bù ú lò díẹ̀díẹ̀? Bákan náà, rọ́bà tí mo gbìyànjú láti tì bọ inú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà kò wọlé rárá. Nǹkan kan ń dí i lọ́nà. Ó máa ń dùn mí kí a da ohun tí ó ṣì wúlò nù, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ torí epo ọ̀fẹ́ kó sínú ìnáwó ńlá.

Mẹkáníìkì Àgbà:

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má da epo ọkọ̀ méjì pọ̀ títí ẹ ó fi yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù náà pátápátá. Lítà díẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ yóò ba gbogbo èyí tí ó dára jẹ́, bí ẹ bá sì ti dà wọ́n pọ̀ tán, kò sí bí ẹ ṣe lè yà wọ́n mọ́. Kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ orúkọ ọkọ̀ tí epo ti wá sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má fi ọjọ́ orí epo nìkan ṣe ìdájọ́. Òótọ́ ni pé ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò: epo tí a po ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ máa ń wà dáadáa fún nǹkan bí oṣù 3, èyí tí kò ní ẹ́tánọ́ọ̀lù sì lè tó oṣù 6. Ṣùgbọ́n mo ti rí epo ọdún kan tí ó mọ́ lóló nínú táǹkì tí ó kún dẹ́nu, tí ìdérí rẹ̀ sì le dáadáa, mo sì ti rí èyí tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti di ẹlẹ́gbin nítorí pé ìdámẹ́rin táǹkì ni ó wà níbẹ̀, tí òòrùn ń pa á lójoojúmọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí epo nínú táǹkì ni ó yẹ kí á wádìí, ohun mẹ́ta ni ó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Àkọ́kọ́ ni pé ó ń fò lọ. Bẹntiróòlù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà ni a pò pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn tí ó fúyẹ́ jù nínú wọn, irú bíi bútéènì àti péńtéènì, ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tí ó tutù tètè dáhùn láàárọ̀, àwọn náà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ sá lọ bí ìdérí bá dẹ̀. Epo tí ó pàdánù wọn yóò máa ṣòro láti gbiná nínú ẹ́ńjìnnì tí ó tutù, ṣùgbọ́n kò ní ba ohunkóhun jẹ́. Irú èyí ni a lè gbà sílẹ̀: bí a bá pò ó mọ́ ọ̀pọ̀ epo tuntun, àwọn èròjà fúyẹ́fúyẹ́ tí ó wà nínú epo tuntun náà yóò dí àlàfo tí ó wà níbẹ̀.

Ìkejì ni èyí tí mo bẹ̀rù jù. Afẹ́fẹ́ ọkísíjìn tí ó wà lókè epo nínú táǹkì ń bá àwọn èròjà kan nínú epo ṣiṣẹ́ pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi di gọ́ọ̀mù, ohun kan tí ó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí ó bá gbà kọjá. Epo náà yóò máa pọ́n, yóò sì máa dúdú, òórùn fánííṣì tí ẹ sọ yẹn yóò sì gba ẹnu táǹkì kan. Gọ́ọ̀mù yìí ni ó ń dí ojú nọ́súlù (ihò kékeré tí epo ń gbà fọ́n wọ ẹ́ńjìnnì), tí ó ń jẹ́ kí fáàfù lẹ̀ mọ́ ibi tí ó yẹ kí ó ti máa lọ sókè sódò, tí ó sì ń pa pọ́ǹpù epo. Epo tuntun kì í wò ó sàn. Ẹni tí ó pò ó mọ́ epo tuntun kàn ń tan gọ́ọ̀mù ká sínú lítà tí ó pọ̀ sí i ni.

Ìkẹta ni omi àti ìdọ̀tí: omi tí ìrì àti ẹnu ìdérí mú wọlé, àti ìdógùn-ún táǹkì onírin.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ wá ìgò funfun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì bu epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì gan-an, nítorí pé òkè táǹkì lè mọ́ nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ omi àti ìdọ̀tí. Ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìta, níbi tí òòrùn kò dé, kí ó fara balẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ wá fi ìwé funfun sẹ́yìn ìgò náà, kí ẹ wò ó ní ojú ọ̀sán. Èyí tí ó mọ́ gaara, tí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, tí kò ní ìlà kankan láàárín, tí ohunkóhun kò sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni ẹ lè tẹ̀ síwájú láti yẹ̀ wò. Èyí tí ó ti pọ́n dòò bí omi tíì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Àyẹ̀wò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti àwo. Ẹ bu ìwọ̀n ṣíbí tíì kan sínú àwo tánganran funfun tí ó mọ́, ní ìta gbangba, jìnnà sí iná, kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ó fò lọ fúnra rẹ̀. Epo rere yóò lọ tán, àwo yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé a kò da nǹkan sí i. Epo tí ó ti ní gọ́ọ̀mù yóò fi òrùka aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ kàn án, yóò fà. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó kù nínú àwo kò fà, ṣùgbọ́n tí ó ń yọ̀, tí kò sì gbẹ bọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí dísù (epo dísẹ́ẹ̀lì) ti wọ inú táǹkì yẹn nígbà kan rí. Ẹ fi irú èyí náà sílẹ̀.

Panápaná Tó Fẹ̀yìntì:

Kí ẹ tó bu ohunkóhun sínú ìgò tàbí àwo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Iná pípa ni iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ìgbà agbára mi ṣe, mo sì mọ ohun tí bẹntiróòlù lè ṣe ní ìṣẹ́jú akàn. Kì í ṣe epo gan-an ni ó ń jó. Afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde lára rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ yìí ń jáde títí dé ibi tí òtútù ti tó nǹkan bí −43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ìgbà kan nínú ọjọ́ tí ẹ lè ṣí táǹkì tí kò ní sí níbẹ̀. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibì kan, tí kò sì kọjá nǹkan bí ìdá 7.6, kí iná kékeré kan ta pàrà lásán ti tó. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ilẹ̀ ni ó máa ń wọ́ lọ. Ó lè rìn lọ bá iná tí ó jìnnà sí ibi tí ẹ dúró sí, kí iná náà sì tọ ipa rẹ̀ padà wá bá yín. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí nínú gáréèjì, tàbí lórí kòtò tí mẹkáníìkì fi ń wọ abẹ́ ọkọ̀.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó ṣí ìdérí táǹkì, nítorí pé iná máa ń ta nígbà tí a bá ń yọ wáyà bátìrì. Orí odi, ìyẹn èyí tí a fi àmì − sí, ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ ìfami tàbí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tí ó ń lo iná mànàmáná láti fi fa epo, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dírìlì lu ìdí táǹkì, bí ó ti wù kí ó rọrùn tó lójú yín.

Ilẹ̀ ni kí kẹ́ẹ̀gì wà nígbà tí epo bá ń wọ inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wà nínú bọ́ọ̀tù, kò sì gbọdọ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ike. Epo tí ó ń ṣàn nínú rọ́bà máa ń kó iná mànàmáná pamọ́ sára, bí kò bá sì rí ilẹ̀ tí yóò gbà lọ, ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni yóò ti ta. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rọ́bà wọ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì dáadáa, kí epo má máa já láti òkè. Kẹ́ẹ̀gì tí a ṣe fún epo ni kí ẹ lò. Ike omi mímu kò yẹ é, nítorí pé epo lè mú un rọ̀, ó sì rọrùn kí ọmọdé ṣì í mú.

Mo fi èyí tí ó ń ká mi lára jù síkẹyìn: ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo láéláé. Ohun tí ó ń pa ènìyàn kì í sábà jẹ́ èyí tí ó gbé mì, bí kò ṣe díẹ̀ tí ó yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Epo díẹ̀ péré ti tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má fún un ní ohun tí yóò mú un bì, nítorí pé ìgbà tí ó bá ń bì gan-an ni epo tún máa ń rí ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ gbé ohun èlò ìpaná oníyẹ̀fun tàbí onífóòmù sí ìtòsí yín. Omi kò wúlò fún iná epo, ńṣe ni yóò tàn án káàkiri.

Aláàgbàlá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ra pọ́ǹpù onírọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, mo sì ti bu epo láti ìsàlẹ̀ táǹkì àwọn ọkọ̀ tí ó ṣeé bù.

Àwọn tí ó wà lábẹ́ òrùlé mọ́, àwo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ láìsí àbàwọ́n. Méjì nínú àwọn àkúrẹtẹ̀ ti pọ́n gan-an, òrùka ìyeyè tí wọ́n fi sínú àwo sì ń fà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Ọ̀kan ni ó rú mi lójú: nínú ìgò, epo rẹ̀ pín sí méjì. Èyí tí ó wà lókè mọ́, ó sì pọ̀; èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rí bí ìkùukùu, ó tó bí ìka méjì ní gíga. Mo mi ìgò náà, wọ́n dàpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe díẹ̀ wọ́n tún pínyà. Ṣé mo lè fa ti òkè sọ́tọ̀, kí n lò ó? Mi ò sì tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ ayé àtijọ́ yẹn, nítorí pé n kò mọ ọdún tí wọ́n gbé e kalẹ̀ síbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò Epo:

Ó dára púpọ̀ tí ẹ kò fọwọ́ kan èyí tí ó kẹ́yìn yẹn. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Epo tí ó pín sí méjì jẹ́ epo tí a po ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ́tánọ́ọ̀lù fẹ́ràn omi ju bí ó ṣe fẹ́ràn bẹntiróòlù lọ. Bí omi tí ó wọlé bá ṣì kéré, ẹ́tánọ́ọ̀lù yóò gbé e mọ́ra, gbogbo rẹ̀ yóò sì wà bí ọ̀kan. Epo tí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù lè gba omi tó bí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ra ní ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá kọjá ìyẹn, tàbí tí òtútù bá mú kí agbára epo láti gba omi mọ́ra dínkù, ẹ́tánọ́ọ̀lù yóò bá omi lọ sí ìsàlẹ̀, yóò sì fi bẹntiróòlù sílẹ̀ lókè. Kò sí bí ẹ ṣe lè mì í tí wọn yóò tún fi dàpọ̀ kí wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń pọ̀ ju omi tí ó wọ táǹkì gan-an lọ: ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yín kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì máa ń jẹ irin.

Ti òkè ńkọ́? Ó ṣeé fà sọ́tọ̀, bí ọwọ́ yín bá balẹ̀ tí ẹ kò sì jẹ́ kí ẹnu rọ́bà dé ìtòsí ìlà náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó ti lọ yẹn wà lára ohun tí ó gbé ọ́kítéènì epo náà ró, ìyẹn òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè kọ̀ láti gbiná ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí tí ó kù lókè ti rẹlẹ̀ ní nǹkan bí àmì 2 sí 3 sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa kan, ìyẹn kí ó máa dún kọ̀kọ̀ nítorí pé epo ń gbiná ṣáájú àkókò, bí ẹ bá dà á sínú rẹ̀ lásán. Ní tèmi, bí ó bá jẹ́ lítà díẹ̀ ni, n kò ní ṣe wàhálà lórí rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, tí àwo rẹ̀ sì gbẹ dáadáa, pò ó mọ́ epo tuntun tí ọ́kítéènì rẹ̀ ga, kí ti àtijọ́ sì kéré gan-an nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá lè rí hydrometer, ìyẹn òṣùwọ̀n onígíláàsì tí ó ń léfòó nínú epo, ó wúlò gan-an. Ìlànà EN 228 ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ wà láàárín kílógíráàmù 0.720 sí 0.775 nínú lítà kan, ní ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí àwọn èròjà fúyẹ́fúyẹ́ ṣe ń fò lọ ni ìyókù ń wúwo sí i. Epo tí ó mọ́ ṣùgbọ́n tí ó ti kọjá 0.775 ti pàdánù púpọ̀, tàbí kí dísù wà nínú rẹ̀, nítorí pé dísù máa ń wà ní nǹkan bí 0.82 sí 0.845. Àyẹ̀wò àwo tí Mẹkáníìkì Àgbà ṣàlàyé jọ ohun tí àwa náà ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò: a máa ń mú kí epo fò lọ, a ó sì wọn gọ́ọ̀mù tí ó kù. Ìlànà kan náà yẹn kò gbà kí gọ́ọ̀mù tí ó kù lẹ́yìn tí a ti fọ àwọn èròjà mìíràn kúrò lára rẹ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ nínú mílílítà 100, ẹ wá fojú inú wo bí ó ti kéré tó. Bí ojú lásán bá ti lè rí òrùka nínú àwo, ó ṣeé ṣe gan-an kí epo náà ti kọjá ààlà.

Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ló kù. Láti ìgbà tí a ti ṣàwárí rẹ̀ ní 1921 pé èròjà olójèé kan lè dá ẹ́ńjìnnì dúró kí ó má kan mọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni gbogbo ayé fi ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù. Amẹ́ríkà fòfin dè é pátápátá fún ọkọ̀ ojú pópó ní 1996, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2000, Àlùjíríà ni ó sì kẹ́yìn gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó dáwọ́ títà rẹ̀ dúró fún ọkọ̀, ní 2021. Ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ kí orílẹ̀-èdè tí ó wà tó fòfin de òjé lè ní epo olójèé nínú títí di òní. Ẹ má wo àwọ̀ láti fi mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwọ̀ tí wọ́n ń rẹ epo náà ní máa ń ṣá. Èròjà olójèé yìí ń gba awọ ara wọlé, kò dúró de kí ènìyàn gbé e mì. Bí ó bá sì wọ ọkọ̀ òde òní, yóò ba catalytic converter (ohun tí ó ń sọ èéfín ọkọ̀ di èyí tí kò léwu púpọ̀) àti sẹ́ńsọ̀ ọkísíjìn rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ kò bá lè fi ẹ̀rí mọ ọdún tí wọ́n rọ epo yẹn, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí májèlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí epo kò lè wọ̀, kí ẹ fà á sínú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé ó lè ní òjé nínú.

Mẹkáníìkì Àgbà:

Àlàyé òjé yẹn ṣe pàtàkì, ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè rọ́bà tí kò wọlé. Àwọn tí ó ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní fi fáàfù tàbí àwọ̀n sí ọ̀nà ẹnu táǹkì, kí epo má ba à dà jáde bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí olè má sì rí i fà. Ẹ má fi agbára tì í. Bí rọ́bà bá há síbẹ̀, iṣẹ́ yín ti di méjì. Kọ́kọ́ wo abẹ́ táǹkì, nítorí pé àwọn kan ní ìdí tí a ń tú láti fi da epo jáde, pàápàá àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Bí kò bá sí, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó rí ìdérí kan lábẹ́ rẹ̀ tí ó bo orí pọ́ǹpù epo. Ẹ nu gbogbo eruku orí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tú u, kí ìdọ̀tí má wọ inú epo tí ẹ ń wá. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ epo má kó jọ sínú rẹ̀. Láti ojú ihò yẹn, rọ́bà yín yóò dé ìsàlẹ̀ táǹkì.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí ọ̀pá ńlá gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, táǹkì rẹ̀ lè jẹ́ oníyàrá méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí àárín rẹ̀ sì ga. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò fa apá kan tán, yóò rò pé òun ti parí iṣẹ́, èkejì yóò sì kún síbẹ̀. Ẹ wá ìdérí kejì.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí á tú rọ́bà epo níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí á fún pọ́ǹpù inú táǹkì níná láti ojú rílè rẹ̀ (ohun kékeré tí ó ń tan iná pọ́ǹpù náà), kí ó máa ti epo jáde fúnra rẹ̀. Ó yára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Epo tí ó wà nínú rọ́bà yẹn lè ní agbára tó bí 3 sí 4 bar, yóò sì fọ́n sí ènìyàn lójú bí a kò bá kọ́kọ́ tu agbára náà. Pọ́ǹpù yìí tún nílò epo tí ó yí i ká láti tutù, nítorí náà bí epo bá ti ń já díẹ̀díẹ̀, kí á dáwọ́ dúró.

Panápaná Tó Fẹ̀yìntì:

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀nà pọ́ǹpù oníná yìí fún àwọn àkúrẹtẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ti ní ìjàm̀bá lè ní wáyà tí ó ti bó síbi tí a kò rí, táǹkì rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì lè ti là. Kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa ní àkọ́kọ́, kí wọ́n sì lo pọ́ǹpù ọwọ́ nìkan.

Mẹkáníìkì Àgbà:

Òótọ́ lẹ sọ. Pọ́ǹpù ọwọ́ ni kí wọ́n lò fún àwọn àkúrẹtẹ̀, kí wọ́n má dán ti iná wò rárá.

Lórí lílo epo rere: àwọn tí ó wà lábẹ́ òrùlé, tí ìgò àti àwo wọn mọ́, ni kí ẹ lò. Lítà ti àkọ́kọ́ tí ó bá jáde láti ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ yà á sọ́tọ̀, nítorí pé òun ni yóò kó omi àti ìdógùn-ún dání. Ìyókù, ẹ fi àrọ tí ó ní àwọ̀n tí ń dá omi dúró sẹ́ ẹ. Ẹ mọ ibi tí agbára àrọ náà mọ: ó ń dá omi àti ìdọ̀tí dúró, kò lè yọ gọ́ọ̀mù tí ó ti yòrò sínú epo. Bí ẹ bá da lítà kan ti àtijọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tuntun, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ fi epo tuntun kún un sí i. Ẹ má dà á sínú ọkọ̀ onítọ́bò, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní kí a máa fi epo ọ́kítéènì gíga sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀rọ kékeré ni kí a dà á sí, ẹ̀rọ ìgékoríko tàbí jẹnẹrétọ̀. Mo tako èyí gidigidi. Ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀ ẹ̀rọ kékeré tín-ín-rín ju ohun tí ẹ lè fojú inú rò lọ, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sì máa ń dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìṣiṣẹ́, tí epo yóò sì máa gbẹ síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tí ẹ ń wà lójoojúmọ́, tí ó ń jó epo rẹ̀ tán kíákíá, ni ó lè gbà á.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn:

Ẹ jọ̀wọ́, oògùn kan wà tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré, tí wọ́n ní ó ń mú epo pẹ́. Ṣé a kò lè dà á sínú àwọn tí ó ti pọ́n wọ̀nyí, kí ó sọ wọ́n di tuntun?

Òṣìṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò Epo:

Rárá. Oògùn náà wúlò bí a bá dà á sínú epo tuntun, nítorí pé ó ń fa ọwọ́ ọkísíjìn sẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù tí ó ti wà níbẹ̀ kò ní padà di epo, èyí tí ó sì ti fò lọ kò ní padà wọ táǹkì. Ti oògùn tí ó ń gbé ọ́kítéènì ga náà kò yàtọ̀: ọ́kítéènì lè gòkè, gọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀.

Aláàgbàlá:

Ó ti yé mi. Kí ni kí n ṣe sí àwọn tí kò ṣeé lò, àti èyí tí ó lè ní òjé? Ẹnì kan ti ní kí n fún òun, kí òun máa fi sun koríko.

Panápaná Tó Fẹ̀yìntì:

Ẹ má fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tí bẹntiróòlù ti jó ni ó jẹ́ pé koríko tàbí pàǹtí ni wọ́n fẹ́ fi sun. Ẹ má dà á sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà, nítorí pé yóò wọ inú omi tí àwọn ènìyàn ń mu, ẹ má sì fi fọ irin tàbí ọwọ́. Ibi tí a ti ń gba ìdọ̀tí eléwu ni kí ẹ kó o lọ, nínú kẹ́ẹ̀gì tí ó dé dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn èwo ni ó lè ní òjé nínú. Àwọn ibi tí ó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ lábẹ́ òfin náà sábà máa ń ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó irú epo bẹ́ẹ̀ dànù.

Ohun kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn oníirin. Táǹkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa epo inú rẹ̀ tán léwu ju èyí tí ó kún lọ. Nínú èyí tí ó kún, afẹ́fẹ́ epo pọ̀ ju ohun tí ó lè gbiná lọ. Nínú èyí tí ó ṣófo, ó ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lásán dé ibi tí ó lè bú gbàù. Kí ẹnikẹ́ni má fi iná gé e, kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ ìlọrin kàn án. Kí wọ́n tú táǹkì náà ní odindi kúrò lábẹ́ ọkọ̀.

Mẹkáníìkì Àgbà:

Èyí tí ẹ bá gbà sílẹ̀, ẹ má rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu. Ẹ fi bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún ooru, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fà á sí i lára, kí ẹ gbé e sí ibòji tí kò sí nínú ilé, kí ẹ sì gbìyànjú láti lò ó tán láàárín oṣù kan. Ẹ ra fílítà epo tuntun sílẹ̀ fún ọkọ̀ yín, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá lò ó tán. Kí ẹ gé ti àtijọ́ sí méjì, kí ẹ wo inú rẹ̀: bí ohun dúdú tí ó ń lẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ padà síhìn-ín kí ẹ tó da epo àwọn ọkọ̀ yòókù sí i.